Firefox àti ìrísí Proton: bí a ṣe lè dá a padà

Firefox 89, ẹ̀dà aṣàwákiri ayélujára Firefox tó jáde ní oṣù kẹfà ọdún 2021, ló gbé ìrísí Proton dé. Ó mọ́ lójú lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó ń fi àyè ṣòfò: táàbù ga, ó dà bíi bọ́tìnnì tó léfòó. Lórí láptọ́ọ̀pù kékeré, ìwé tí ẹ ń kà ló ń jìyà rẹ̀.

Ẹ má wulẹ̀ wá browser.proton.enabled, ètò tí wọ́n fi ń pa Proton tẹ́lẹ̀, kiri, ó ti kú láti Firefox 91. Ẹ tẹ about:config síbi àdírẹ́sì, ẹ wá browser.compactmode.show, kí ẹ sọ ọ́ di true. Lẹ́yìn náà, ẹ fi bọ́tìnnì ọ̀tún máòsì tẹ àyè òfìfo lókè, ẹ yan Customize Toolbar, kí ẹ mú Compact lábẹ́ Density. Wọ́n kọ "not supported" sí i lára, àmọ́ ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Ẹni tí kò ní sùúrù, kó dúró síbẹ̀.

Ẹni tó fẹ́ kí táàbù ní igun gidi, userChrome.css, fáìlì tí a fi ń yí ìrísí Firefox padà, ni tirẹ̀. Nínú about:config, ẹ sọ toolkit.legacyUserProfileCustomizations.stylesheets di true. Nínú about:support, ẹ ṣí Profile Folder, ẹ dá fódà chrome síbẹ̀, kí ẹ fi fáìlì náà sínú rẹ̀ pẹ̀lú ìlà yìí:

.tab-background { border-radius: 0 !important; margin-block: 0 !important; }

Ẹ pa Firefox, ẹ tún un ṣí. Bí kò bá yí padà, Windows ló sábà máa ń fi .txt pamọ́ sí ìdí orúkọ fáìlì. Lórí Linux, C ńlá ni kó wà nínú userChrome. Àléébù ọ̀nà yìí ni pé Mozilla, àwọn tó ṣe Firefox, lè pààrọ̀ orúkọ àwọn ẹ̀yà bíi .tab-background nígbàkigbà, kí ìlà yín má ṣiṣẹ́ mọ́.