Ẹ ṣọ́ra fún oníjìbìtì tó ń ta injector "orígínà" o!

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń wa ọkọ̀ tọ́bò (ẹ̀rọ tó ń ti afẹ́fẹ́ púpọ̀ wọ inú ẹ́ńjìnnì), ẹ má tíì sanwó injector kankan, ìyẹn ohun tó ń fọ́n epo sínú ẹ́ńjìnnì, ẹ ka èyí ná. Inú ń bí mi, ojú sì ń tì mí, àmọ́ màá sọ ọ́.

Ọkọ̀ mi ló ń mu epo lámujù. Tó bá dúró lójú kan, kò sí wàhálà, àmọ́ tí mo bá ti tẹná mọ́ ọn tí tọ́bò gbé e báyìí, èéfín dúdú á bo ẹ̀yìn mi, òórùn epo á gba inú mọ́tò. Skánà tí wọ́n fi ń yẹ kọ̀ǹpútà ọkọ̀ wò gbé kóòdù P0172 jáde, ìyẹn ni pé epo ti pọ̀ ju afẹ́fẹ́ lọ. Mo tú púlọ́ọ̀gì, èédú ti bò ó, mo ya fọ́tò ẹ̀, mo fi ránṣẹ́ sí ọ̀gbẹ́ni kan tó ń ta pátì. Kíá ló fèsì: "Ẹ̀gbọ́n, injector yín ló ń jò, mo ní mẹ́rin tó jẹ́ orígínà, 440cc epo ní ìṣẹ́jú kan bíi tiyín gan-an, ẹ fi ti àtijọ́ ránṣẹ́ kí n yọ díẹ̀ kúrò nínú owó ẹ̀." Ẹni tí kò rí ọkọ̀! Tí kò gbọ́ ìró ẹ́ńjìnnì! Fọ́tò púlọ́ọ̀gì lásán!

Mo mọ̀ pé àwọn kan á ní ojúkòkòrò ló bá mi. Ẹ gbé e sọ́hùn-ún. Ó fi fídíò ránṣẹ́ níbi tí injector ti ń fọ́n epo bó ṣe yẹ, ó ń "ẹ̀gbọ́n, ẹ̀gbọ́n," ta ni ò ní sanwó? Ṣùgbọ́n kí ló ṣe mí tí mo fi kó tèmi fún un? Kí ló ṣe mí gan-an?

Nígbà tí wọ́n dé, inú ọ̀rá tuntun ni wọ́n wà, wọ́n ń dán gbinrin. A wọ̀ wọ́n, ọkọ̀ wá burú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ! Ó wá ń gbọ̀n kódà tó bá dúró lójú kan, ọ́ìlì ń rùn bí epo, fuel trim (ìwọ̀n tí kọ̀ǹpútà fi ń bù kún epo tàbí tó fi ń dín in kù) já sí nǹkan bíi -20%, kọ̀ǹpútà ọkọ̀ ń dín epo kù, ń dín in kù, epo ò gbọ́. Mo yọ ọ̀kan, mo fi èékánná ha á, ọ̀dà ló ń ṣí, abẹ́ ọ̀dà yẹn ni wọ́n ti fi sáńpépà ha nọ́mbà ara ẹ̀ kúrò, ìlàjì 5 ló ṣẹ́ kù. Nígbà tí wọ́n gbé e sórí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n, 550cc ní ìṣẹ́jú kan! Kọ̀ǹpútà rò pé 440 ló wà níbẹ̀, bí epo ṣe ń fi ìdá kan nínú mẹ́rin pọ̀ jù nìyẹn. Olè! Mo tún un sọ, olè!

Èyí tó dùn mí jù, injector mi àtijọ́ ò ṣe nǹkan kan. Hóòsì tó ti intercooler (ohun tó ń mú afẹ́fẹ́ tọ́bò tutù) lọ sí throttle (ẹnu ọ̀nà tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọ ẹ́ńjìnnì) ló ya lábẹ́ kílíìpù, kò ju oríkèé ìka lọ, tọ́bò bá ti fẹ́ ló máa ń là. Sẹ́ńsọ̀ MAF, èyí tó ń wọn afẹ́fẹ́ tó ń wọlé, ti ka afẹ́fẹ́ yẹn, kọ̀ǹpútà ti da epo tiẹ̀ sí i, afẹ́fẹ́ wá gba ojú ihò jáde lọ. Hóòsì lásán! Tèmi tó péye ti wà lọ́wọ́ ẹ̀, bóyá ó ti tà á fún ẹlòmíì. Mo pè é, ó ní mẹkáníìkì mi ni ò mọṣẹ́, ó sì bulọ́ọ̀kù mi.

Ẹ fi èéfín tàbí afẹ́fẹ́ dán gbogbo hóòsì wò kẹ́ ẹ tó ra ohunkóhun. Ẹ yọ hóòsì kékeré ara fuel regulator (ohun tó ń ṣàkóso agbára tí epo fi ń wá), tí epo bá wà nínú ẹ̀, regulator ló ti bàjẹ́. Tí ẹ́ńjìnnì bá gbóná tí skánà ṣì ń ní ó tutù, sẹ́ńsọ̀ ooru ni. Injector àlòkù, kí wọ́n wọ̀n ọ́n lójú yín, ẹ má fi tiyín sílẹ̀ láé. Ẹ má sì wà á pẹ́ pẹ̀lú èéfín dúdú, á ba catalytic tó ń fọ èéfín mọ́ nínú sàlẹ́ńsà jẹ́.

Gbogbo àwọn tó ń ta pátì ni mi ò gbà gbọ́ mọ́, kẹ́ ẹ má bínú. Oníjìbìtì yẹn ti gba orúkọ míì o, fídíò yẹn náà ló ṣì ń lò: tábìlì tí wọ́n fi aṣọ búlúù bò, injector mẹ́rin ń fọ́n epo sínú ìgò. Tẹ́ ẹ bá ti rí i, òun nìyẹn, ẹ má dá a lóhùn.