Ibo ni Kọ́kọ́rọ́ Ẹ̀rọ Yín Ti Wá? Ìfiwéra Kí Ẹ Tó Rà

Ẹni tí ó bá ń kan àpótí tí ń darí ẹ̀rọ-omi láti orí fóònù ní Láfẹ́nwá, tàbí èyí tí ń ṣọ́ bátìrì sólà ní ṣọ́ọ̀bù kan ní Kútọ̀, gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ bi ara rẹ̀ léèrè bóyá inú chip ni kọ́kọ́rọ́ aṣírí ẹ̀rọ náà (nọ́ńbà ìkọ̀kọ̀ tí ẹ̀rọ fi ń fi hàn pé òun gan-an ni) ti máa wáyé, tí kò sì ní jáde mọ́, àbí ẹnìkan ni yóò kọ ọ́ sí i láti orí láptọ́ọ̀pù. Ohun tí mo fi ń wọn ọ̀nà mẹ́rin ìsàlẹ̀ yìí nìyẹn.

ESP32 lásán, chip kékeré tí ó ní Wi-Fi nínú, tí kọ́kọ́rọ́ wà ní mẹ́mórì rẹ̀, ni ó wọ́n kéré jù. Bí ẹ kò bá tan ìdáàbòbò mẹ́mórì náà, okùn USB kan tó láti ka gbogbo rẹ̀ jáde. Bí ẹ tilẹ̀ tàn án, àwọn olùwádìí fi hàn ní 2019 pé bí wọ́n bá já iná chip náà fún ìdá bíńtín nínú ìṣẹ́jú-àáyá kan, wọ́n lè rí kọ́kọ́rọ́ inú rẹ̀; àwọn tí ó jáde lẹ́yìn náà ti wá le sí i. Ẹ má sì ṣẹ̀dá kọ́kọ́rọ́ kí Wi-Fi tó tàn, nítorí pé láìsí rédíò, nọ́ńbà tí chip yìí ń mú wá lè má jẹ́ èyí tí ẹnikẹ́ni kò lè méfò.

TPM 2.0, chip ààbò tí ń tọ́jú kọ́kọ́rọ́ kọ̀ǹpútà, dára fún kọ̀ǹpútà kékeré tí ń lo Linux, ṣùgbọ́n ó tóbi ju iṣẹ́ àpótí ẹ̀rọ-omi lọ.

PUF, ọ̀nà tí ń mú kọ́kọ́rọ́ wá láti inú ìyàtọ̀ kékeré tí ó wà lára chip kọ̀ọ̀kan, irú èyí tí ó wà nínú chip LPC55S69 ti ilé-iṣẹ́ NXP, kì í tọ́jú kọ́kọ́rọ́ rárá. Bí iná bá dé, ẹyọ mẹ́mórì kọ̀ọ̀kan a yàn láàárín òdo àti ení, gẹ́gẹ́ bí ó ṣe ti ilé-iṣẹ́ wá. Ibẹ̀ ni kọ́kọ́rọ́ ti ń padà wá. Ooru abẹ́ páànù lè yí díẹ̀ nínú wọn padà, nítorí náà ó ní dátà atúnṣe tirẹ̀, èyí tí ó jẹ́ pé bí ó bá sọnù, kọ́kọ́rọ́ náà bá a lọ.

Èmi yóò ra ATECC608B, chip ààbò kékeré ti ilé-iṣẹ́ Microchip. Wáyà méjì ni ó fi ń bá ESP32 sọ̀rọ̀, ààyè 16 ni ó ní fún kọ́kọ́rọ́ àti dátà, òun fúnra rẹ̀ ni ó sì ń ṣẹ̀dá kọ́kọ́rọ́ P-256 (irú kọ́kọ́rọ́ tí a fi ń buwọ́ lu ìsọfúnni). Ẹ kò lè ka kọ́kọ́rọ́ náà jáde; ẹ kàn lè rán chip náà pé kí ó fi í ṣiṣẹ́, bí i kí ó buwọ́ lu nǹkan. Olè lè yọ chip náà lọ, ṣùgbọ́n yóò ṣòro fún un gan-an láti ṣe ẹ̀dà rẹ̀.

Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ti ti ètò inú rẹ̀ pa, kò ní ìtúsílẹ̀ mọ́. Mo ti fi àṣìṣe ìlà kan ṣoṣo nínú ètò náà sọ méjì di òkúta tí kò wúlò mọ́, nítorí náà ẹ fi méjì tàbí mẹ́ta lé iye tí ẹ fẹ́ lò.