WhatsApp Business fún ẹni tó ń ṣiṣẹ́ láti ilé: bí mo ṣe rí i

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń ṣiṣẹ́ ọ́fíìsì láti ilé, ẹ jẹ́ n sọ̀rọ̀ áàpù yìí fún yín torí ó ti gbà mí lọ́wọ́ wàhálà alẹ́ gan-an ni. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé àwọn tó ń tajà nìkan ló wà fún, ọlọ́jà náà sì ni wọ́n ṣe é fún lóòótọ́ nígbà tó jáde ní 2018, ṣùgbọ́n ohun tí ọlọ́jà ń fẹ́ lèmi náà ń fẹ́, kí ẹni tó bá dé lẹ́yìn tí mo ti ti ṣọ́ọ̀bù rí i pé mo ti tì í.

Ẹ mọ bó ṣe máa ń rí. Tó bá jẹ́ ọ́fíìsì lẹ wà, tẹ́ ẹ bá ti gbé báàgì yín báyìí, ọ̀gá mọ̀ pé ẹ ti ń lọ. Ilé ńkọ́? Lójú tiwọn ẹ ò lọ síbì kankan, láptọ́ọ̀pù wà lórí tábìlì, kí ló wá dé tẹ́ ò fi ní lè ṣe kékeré yìí? Aago mẹ́sàn-án alẹ́, ẹ ń ro àmàlà lọ́wọ́, fóònù á dún, "ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi wo fáìlì yẹn kíá." Ẹ ò sì lè sọ pé rárá, ọ̀gá ni, àgbà tún ni, ẹnu yín ò gbà á. Ibi tí áàpù yìí ti wúlò nìyẹn, òun fúnra ẹ̀ á bá yín fèsì pé ẹ ti parí iṣẹ́.

Síìmù kejì ni mo rà, mo fi nọ́ńbà yẹn sílẹ̀ fún iṣẹ́ nìkan, WhatsApp Business ló wà lórí ẹ̀, ti ẹbí àti ọ̀rẹ́ sì wà lórí WhatsApp tí gbogbo wa mọ̀, méjèèjì jọ wà lórí fóònù kan náà láìsí ìjà. Ọ̀fẹ́ ni, dátà nìkan lẹ máa ná. Ẹ fi aago iṣẹ́ yín sí profile, ẹ wọ Business tools, ẹ tan Away message, ìyẹn èsì tó máa ń dá lọ fúnra ẹ̀, kẹ́ ẹ wá yan Outside of business hours kó lè máa lọ lẹ́yìn aago iṣẹ́ nìkan, ó tán.

Ohun tẹ́ ẹ máa kọ síbẹ̀ ló gba ìfarabalẹ̀. Àwọn kan á kọ òyìnbó gbẹrẹfu kan pé àwọn ò sí nítòsí, tí àgbà bá ka irú ẹ̀, inú wọn ò ní dùn. Tèmi nìyí: "Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ti parí iṣẹ́ tòní. Èyí tẹ́ ẹ fi ránṣẹ́ ni màá kọ́kọ́ mú ní aago mẹ́jọ àárọ̀ ọjọ́ iṣẹ́ tó kàn. Tó bá jẹ́ pàjáwìrì, ẹ jọ̀ọ́ ẹ pè mí." Mi ò kọ "ẹ kú alẹ́" torí ó lè lọ ní ìdájí, mi ò kọ "ọ̀la" torí tó bá jẹ́ alẹ́ Fúráìdè, mi ò ní ṣiṣẹ́ lọ́la, mi ò sì fi mà tàbí sà sí i torí ọ̀kan náà ló ń lọ bá gbogbo èèyàn, "ẹ" tó wà níbẹ̀ ti gbé ọ̀wọ̀ yẹn. Ẹ má yọ "ẹ pè mí" kúrò o. Ẹni tó lè tẹ mẹ́sẹ́ẹ̀jì ní aago mọ́kànlá alẹ́ láìronú, tó bá kan kó pe èèyàn, á kọ́kọ́ wo aago.

Ẹ má sì kàn tan án lójijì. Mo sọ fún mànéjà mi ṣáájú, mo ní "Mà, láti Mọ́ńdè, tẹ́ ẹ bá kọ̀wé sí mi lẹ́yìn aago márùn-ún, èsì kan á kọ́kọ́ wá, ẹ má rò pé mò ń fojú dì yín o." Wọ́n ní "Ìparí oṣù ńkọ́?" Ìbéèrè gidi ni, torí owó oṣù òṣìṣẹ́ ni mò ń ṣe, a wá fẹnu kò pé màá máa pa á lásìkò yẹn. Ní Faransé òfin ti wà lórí ẹ̀tọ́ òṣìṣẹ́ láti pa fóònù iṣẹ́ tì lẹ́yìn wákàtí iṣẹ́ láti January 1, 2017, Ọsirélíà náà bẹ̀rẹ̀ tiwọn ní August 26, 2024. Labour Act, òfin iṣẹ́ tiwa ní Nàìjíríà, sọ pé àdéhùn ló ń pinnu wákàtí iṣẹ́, èyí tó bá lé, ófátáìmù ni, nítorí náà ẹ wo ohun tó wà nínú lẹ́tà tí wọ́n fi gbà yín síṣẹ́ kẹ́ ẹ tó lọ bá ọ̀gá.

Àléébù ẹ̀ náà wà. Tẹ́ ẹ bá pa dátà, èsì yẹn ò ní lọ, tíìkì kan ṣoṣo ni ọ̀gá máa rí. Kì í sì í ní kí fóònù má dún, ẹ̀yin lẹ máa lọ pa notification ẹ̀ fúnra yín. Mo fún un ní mẹ́rin nínú márùn-ún, ọ̀kan tí mo yọ, torí gúrúpù ni, kì í dáhùn nínú gúrúpù rárá, ibẹ̀ gan-an sì ni wàhálà pọ̀ sí. Mo mute tiwa sí Always, mo tún gbé e sí Archive, a wá bá ara wa sọ ọ́ pé ẹni tí wọ́n bá nílò èsì ẹ̀, kí wọ́n tag orúkọ ẹ̀, torí èyí tí wọ́n bá tag máa ń wọlé síbẹ̀.