Stellarium: mo gbé e lọ sórí Pluto, mo rí ìbejì ojú ọ̀run

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ràn ìràwọ̀, tẹ́ ò bá tíì ní Stellarium, ètò tó ń fi ojú ọ̀run hàn yín, lórí kọ̀ǹpútà yín, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dáńlóòdù ẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni. Mo ti sanwó fún áàpù kan rí lórí fóònù, mi ò ní dárúkọ ẹ̀, Pluto, ayé kékeré tó jìnnà sí oòrùn yẹn, dá wà nínú ẹ̀ bí ẹni tí ò lẹ́nì kejì, ó dùn mí gan-an torí ẹnì kejì yẹn gan-an ni mo ṣe rà á.

Charon, òṣùpá Pluto, lẹnì kejì ọ̀hún. James Christy ló rí i ní 1978, ní Washington, Amẹ́ríkà, ó ń wo fọ́tò Pluto tí wọ́n yà ní Flagstaff ló bá rí i pé ó dà bíi pé kókó kan yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, kókó náà ń yí kiri, ọjọ́ mẹ́fà lé díẹ̀ ló sì fi ń padà síbi tó wà. Ara orúkọ ìyàwó ẹ̀, Charlene, tí wọ́n ń pè ní Char, ló ti fa orúkọ yẹn yọ. Pluto fẹ̀ tó kìlómítà 2,377, Charon 1,212, ó ju ìdajì ẹ̀ lọ! Ṣé òṣùpá lásán nìyẹn? Èmi ò gbà, ìbejì ni wọ́n.

Ẹ wá gbọ́ ohun tí mo ṣe. Ẹ tẹ F6, ẹ yan Pluto, á gbé yín dúró sórí ilẹ̀ ibẹ̀. Lọ́ńgítúùdù 180 ni mo kọ́kọ́ dúró sí, mo wá Charon títí mi ò rí i, mo rò pé nǹkan ti bàjẹ́. Nǹkan kan ò bàjẹ́ o, ẹni tó bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yẹn ò ní rí Charon títí láé ni. Mo yí i sí 0, háà! Òun rè é lókè orí mi gangan, bó ṣe hàn lójú, ó fẹ̀ tó òṣùpá tiwa ní ìlọ́po 7. Mo ń tẹ L léraléra kí àkókò máa sáré, àwọn ìràwọ̀ ń kọjá lẹ́yìn ẹ̀, ilẹ̀ ń ṣú, ilẹ̀ ń mọ́, Charon ń kún ó ń fá, àmọ́ kò kúrò lójú kan.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó jókòó tì mí ní, "Bọ̀dá, ta ló kàn án mọ́bẹ̀?" Mo dìde, mo di ọwọ́ ẹ̀ méjèèjì mú, a jọ ń pòòyì, mo ní kí ló ń rí, ó ní ojú mi. Bí Pluto àti Charon náà ṣe ń ṣe nìyẹn, ibi tí wọ́n sì ń yí po ò sí nínú Pluto, inú òfìfo tó wà láàárín wọn ló wà.

Pluto nìkan kọ́ o. Ní 2001 wọ́n rí ẹnì kejì 1998 WW31, ayé kékeré kan tó wà lẹ́yìn pílánẹ́ẹ̀tì Neptune, látìgbà yẹn wọ́n ti rí ọ̀pọ̀ irú ìbejì bẹ́ẹ̀ lọ́hùn-ún. Tẹ́ ẹ bá fi Solar System Editor, irinṣẹ́ kan nínú Stellarium, gbé irú wọn wọlé, ẹyọ kan ló máa hàn, torí ọ̀nà tí àwọn méjèèjì jọ ń gbà yí oòrùn ká ló ń gbé wá. Pluto àti Charon ni kẹ́ ẹ lọ wò.

Láptọ́ọ̀pù mi ti gbó, ó sì gbé e. Márùn-ún nínú márùn-ún ni mo fún un. Ọmọ yẹn ti ní ká lọ dúró sórí Charon lálẹ́ ọ̀la, ká wo Pluto látọ̀hún.