Mo ra báàgì first aid fún ajá mi, ẹ wo inú tiyín dáadáa kẹ́ ẹ tó gbé e síbì kan

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ajá nílé, báàgì pupa kan báyìí tó ní síìpù, tí wọ́n ya orí ajá sí, ni mo rà lórí íntánẹ́ẹ̀tì ní ₦28,000, ọjọ́ kẹta ló dé Ìbàdàn. Mi ò ní dárúkọ ẹni tó tà á fún mi, ohun tó wà nínú ẹ̀ ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ gbọ́.

Ó ti gbà mí lẹ́ẹ̀kan o. Bingo tẹ àfọ́kù ìgò lẹ́yìn ilé ní nǹkan bí aago 11 alẹ́, àtẹ́lẹsẹ̀ ẹ̀ là, ẹ̀jẹ̀ kún gbogbo kọ́rídọ̀, iná ò sí, dókítà ajá wo la fẹ́ rí nírú àsìkò yẹn? Mo fi omi iyọ̀ inú báàgì yẹn fọ ojú ọgbẹ́, mo fi gọ́ọ̀sì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ fún bí ìṣẹ́jú 5 láìṣí i wò rárá, ẹ̀jẹ̀ dá, mo wá fi báńdéèjì wé e. Báńdéèjì yẹn nìkan tó owó tí mo san, ara ẹ̀ ló ń lẹ̀ mọ́, kì í lẹ̀ mọ́ irun, tẹ́ ẹ bá ń tú u ajá ò ní ké. Ẹ má ṣáà fà á le jù, ó yẹ kí ìka lè wọ abẹ́ ẹ̀, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ẹsẹ̀ á wú.

Ṣùgbọ́n kò sí nǹkan tí wọ́n fi ń di ẹnu ajá nínú ẹ̀, ìyẹn sì dùn mí gan torí ajá tó ń jẹ̀rora ò mọ olówó ẹ̀ mọ́. Bingo tí mo fọwọ́ ara mi tọ́ láti kékeré fẹ́ gé mi jẹ, ìyàwó mi ló sáré ya etí ìró ẹ̀ kan tó ti gbó tá a fi so ó lẹ́nu. (Tí ajá bá ń bì tàbí tí kò lè mí dáadáa, ẹ má so ó lẹ́nu o.)

Èyí tó wá bí mi nínú jù: wọ́n kó ibuprofen àti paracetamol sínú ẹ̀! Ibuprofen máa ń dá ọgbẹ́ sí ajá níkùn, ó ń ba kíndìnrín ẹ̀ jẹ́, ó lè pa á. Paracetamol náà ń ba ẹ̀dọ̀ ajá jẹ́, ẹyọ kan ṣoṣo sì lè pa ológbò. Ìwé inú báàgì náà tún ní tí tẹmómítà bá ti ju 37 lọ ibà ni, èèyàn nìyẹn bá mu o, ara ajá tó le koko gan-an máa ń wà láàárín 38.3 sí 39.2, ìdí ajá la sì ń ki tẹmómítà bọ̀, kẹ́ ẹ fi fásílìnì pa ẹnu tẹmómítà náà. Ó dá mi lójú pé báàgì èèyàn ni wọ́n lẹ àwòrán ajá mọ́.

Mo ti kó oògùn yẹn dànù, mo wá fi tèmi kún un: káàdì abẹ́rẹ́ dìgbòlugi ẹ̀, fọ́tò ẹ̀ kan, ṣéènì, tọ́ọ̀ṣì, omi àti oúnjẹ ọjọ́ 3 nínú ike tó dé pinpin. Àwa tá a wà n'Ìbàdàn nígbà omíyalé 26 oṣù kẹjọ 2011 mọ̀ pé omi kì í dúró de ẹni tó ń wá káàdì. Mo tún kọ nọ́ńbà dókítà ajá wa àti ti ọsibítù ẹranko tó wà ní Yunifásítì Ìbàdàn sẹ́yìn báàgì, torí oògùn eku ló ń pa ajá jù ládùúgbò wa. Èmi náà ti máa ń da epo pupa sí ajá lẹ́nu tẹ́lẹ̀, dókítà ló sọ fún mi pé tó bá ti rẹ ajá, epo yẹn lè gba inú ẹ̀dọ̀fóró lọ, ìyẹn gan-an á sì pa á. Ẹ gbé ajá lọ sọ́dọ̀ dókítà, ẹ gbé ike oògùn tó jẹ dání, ẹ máa pe dókítà náà lójú ọ̀nà.

Ìràwọ̀ 3 nínú 5 ni mo fún un. Mo ti kọ̀wé sí ẹni tó tà á nípa oògùn yẹn, tó bá yọ ọ́, tó tún ìwé yẹn kọ, màá ra òmíràn fún ajá àbúrò mi.