Smart Licensing ti Cisco: ohun tí mo rí nínú láísẹ́ǹsì tí kò so mọ́ ẹ̀rọ kan

Smart Licensing ni ètò tí Cisco, ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe ẹ̀rọ nẹ́tíwọ́ọ̀kì, fi ń fúnni ní láísẹ́ǹsì, ìyẹn àṣẹ láti lo sọ́fítíwia orí ẹ̀rọ wọn. Tó bá jẹ́ switch (ẹ̀rọ tó ń so àwọn kọ̀ǹpútà pọ̀) kan tàbí méjì lẹ ní, ọ̀rọ̀ yìí lè má kàn yín. Àwa tí ẹ̀rọ wa fọ́n ká ẹ̀ka ọ́fíìsì, tí iná ń ba switch jẹ́ tí a sì ń pààrọ̀ rẹ̀, àwa la mọyì rẹ̀.

Tẹ́lẹ̀, PAK (Product Activation Key, kóòdù tó ń mú láísẹ́ǹsì ṣiṣẹ́) la fi ń ṣe é. Ẹ ó gba kóòdù, ẹ ó so ó mọ́ nọ́ńbà ìdánimọ̀ ẹ̀rọ kan, ó parí. Bí ẹ̀rọ yẹn bá kú, ẹ gbọ́dọ̀ tún tọrọ kí wọ́n gbé láísẹ́ǹsì rẹ̀ sórí òmíràn. Ní báyìí, inú Smart Account, ìyẹn àkáǹtì ilé-iṣẹ́ yín lọ́dọ̀ Cisco, ni gbogbo láísẹ́ǹsì ń wọ̀, bí owó ẹgbẹ́ tó wà lọ́wọ́ akápò. Ẹ̀rọ tó bá nílò rẹ̀ á mú un. Tí ẹ bá yọ ẹ̀rọ náà kúrò, láísẹ́ǹsì padà sápò.

Ibi tó ti máa ń lọ́jú pọ̀ ni Virtual Account, ìyẹn àpò kéékèèké tí ẹ lè pín Smart Account sí. Ẹ̀rọ kì í mú láísẹ́ǹsì látinú àpò tí kì í ṣe tirẹ̀. Láísẹ́ǹsì lè ṣẹ́kù rẹpẹtẹ ní àpò Èkó, kí ti Ìbàdàn máa sọ pé òun ò ní tó, títí ẹnì kan yóò fi wọlé gbé e kọjá. Èrò tèmi ni pé kí ẹ má pín in rárá, àfi tí owó ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan bá dá yàtọ̀.

Láti IOS XE 17.3.2 (ẹ̀dà kan nínú sọ́fítíwia tó ń darí àwọn ẹ̀rọ Cisco) ni ara ti tù wá gan-an. Ṣáájú ìgbà yẹn, ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ forúkọ sílẹ̀, kó sì máa kàn sí Cisco ní ọjọ́ 30, 30. Bí kò bá rí wọn fún ọjọ́ 90, àṣẹ rẹ̀ á parí. Ní báyìí ó kàn ń ṣiṣẹ́ ni, ìjábọ̀ ìlò ló ń fi ránṣẹ́. Àwọn láísẹ́ǹsì díẹ̀ tí òfin Amẹ́ríkà dè nìkan ló ṣì ń gba àṣẹ ṣáájú. Ẹ tẹ `show license summary`, ẹ ó rí ohun tí ẹ̀rọ ń lò.

Fún ibi tí ẹ kò bá fẹ́ kí switch fojú kan íntánẹ́ẹ̀tì, SSM On-Prem, sọ́fítíwia Cisco tó ń bójú tó láísẹ́ǹsì, wà. Ẹ ó gbé e sórí server tiyín, gbogbo ẹ̀rọ á máa jábọ̀ fún un. Kódà, ẹ lè fi fáìlì gbé ìròyìn rẹ̀ lọ bá Cisco. Inú mi dùn sí èyí púpọ̀.

Tí ẹ bá fẹ́ rà á, ẹ rí i dájú pé orúkọ Smart Account yín wà lórí ìwé tí alágbàtà fi pàṣẹ ọjà, kí ẹ tó sanwó. Ẹni tí a rà lọ́wọ́ rẹ̀ kó tiwa sínú àkáǹtì ara rẹ̀. Owó ti lọ, switch ti dé, àpò wa ṣófo! Lẹ́tà lórí lẹ́tà la kọ kó tó gbé e wá. Ọpẹ́lọpẹ́ pé Catalyst 9000, ọ̀wọ́ switch Cisco kan, ni wọ́n, tí wọn kì í dáṣẹ́ dúró nítorí pé láísẹ́ǹsì kò tíì pé nínú àkáǹtì.