Ẹ ṣọ́ra fún sikánà fíìmù tókunbọ̀ tí ìdérí rẹ̀ kò ní wáyà

Ẹ̀yin tí ẹ ń wá sikánà Epson V700 tókunbọ̀ láti fi gbé négátíìfù àwọn òbí yín sórí kọ̀ǹpútà, ẹ dúró ná. Ọkùnrin kan wà ní ìhà Ṣágámù tó ń ta irú ẹ̀. Ó gba ₦320,000 lọ́wọ́ mi, ó tún gba ₦45,000 lé e. Ohun tí mo gbé wálé kò lè ka fíìmù kan ṣoṣo, torí wọ́n ti yọ iná tí wọ́n fi ń ka fíìmù kúrò nínú ẹ̀ kí wọ́n tó tà á. Sitóòfù tí kò lówùú ni wọ́n tà fún mi.

Mi ò fẹ́ rò ó níta o. Ẹ̀gbọ́n mi ò tíì gbọ́ ìdajì ọ̀rọ̀ yìí, bó bá kà á níbí, kó máa bínú, òun náà ló ní ká má jẹ́ kó pẹ́.

Onífótò ni bàbá wa n'Íjẹ̀bú Òde. Kámẹ́rà Yashica onílẹ́ǹsì méjì ló kọ́kọ́ ń lò, èyí tí èèyàn ń wo inú ẹ̀ láti òkè, kó tó ra èyí tó ń gba fíìmù kékeré. Ìgbéyàwó, ìkómọ, ìsìnkú àgbà, ọjọ́ kẹta Iléyá níwájú ààfin Awùjalẹ̀ nígbà tí àwọn ìdílé Balógun bá gun ẹṣin wọlé, kò sí èyí tí kò yà. Lẹ́yìn tó papòdà la bá négátíìfù nínú páálí bàtà, nínú agolo bísíkíìtì, nínú àpòòwé tí orúkọ oníbàárà ṣì wà lára ẹ̀. Agolo kan wà tí a ṣí tí òórùn kíkan bíi fínígà fi bò wá lójú. Fíìmù tó bá ń rùn bẹ́ẹ̀ ti ń jẹra nìyẹn: asitéètì tí wọ́n fi ṣe é ló ń bàjẹ́, ooru àti ọ̀rinrin ló sì ń lé e sáré. Yóò sún kì, yóò ká kò, àwòrán orí ẹ̀ yóò sì bọ́. Ìdí tí a fi ń kánjú nìyẹn. Kì í ṣe ojúkòkòrò, kì í ṣe pé mo fẹ́ fi ṣe fáàrí lórí Facebook.

Àwa ọmọ dá owó jọ. Èmi ni wọ́n kó o lé lọ́wọ́ torí èmi ni mo wà nílé, wọ́n sì ní ojú mi là sí kọ̀ǹpútà. Ojú mi là lóòótọ́! Mo kàwé kí n tó jáde nílé. Mo mọ̀ pé ọdún 2006 ni V700 jáde, pé kì í ṣe sikánà ìwé lásán, pé iná kejì wà nínú ìdérí ẹ̀ tó ń tàn wá sílẹ̀ gba inú fíìmù kọjá. Mo mọ̀ pé ó ń gba fíìmù 35mm, ó ń gba 120, ó ń gba fíìmù pẹlẹbẹ 4×5. Mo mọ̀ pé 6400 dpi (iye àmì tó ń kà nínú íǹṣì kan) tí wọ́n kọ sí i kì í ṣe ohun tó ń fún èèyàn gan-an, àwọn tó wọ̀n ọ́n ní nǹkan bíi 2300 ni. Ìyẹn tó wa. Lórí fíìmù 120 oníhà mẹ́rin dọ́gba ti Yashica, ó ju píkísẹ́lì 5,000 lọ ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, o lè fi ṣe pátákó ìrántí. Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé n kò ṣèwádìí, kó fi ìka ẹ̀ sinmi.

Fídíò ló kọ́kọ́ fi ránṣẹ́. Nínú fídíò yẹn, wọ́n to négátíìfù sínú férémù dúdú, wọ́n gbé e sórí gíláàsì, wọ́n pa ìdérí dé, iná funfun rìn lábẹ́ ìdérí, àwòrán ìyàwó kan jáde lójú kọ̀ǹpútà. Ó dára. Ó dára ju ẹ̀tàn lọ. Mo bi í bóyá ó ń yọ ìdọ̀tí kúrò lójú fíìmù, ó ní, "Àǹtí mi, ICE wà nínú ẹ̀, gbogbo fíìmù ló ń fọ̀, àti aláwọ̀ àti dúdú-òun-funfun." Irọ́! Ìtànṣán infrared ni ICE ń lò, fàdákà tó wà nínú fíìmù dúdú-òun-funfun sì ń dí i lójú, kò lè ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀. Mo mọ èyí kí n tó pè é. Mo gbọ́ irọ́ yẹn létí ara mi, mo wá ní ọlọ́jà ni, ọlọ́jà kì í mọ gbogbo ẹ̀.

Mo wọkọ̀ lọ sí Ṣágámù. Òjò rọ̀. Ó gbé àga fún mi, ó ní "Màmá, ẹ jókòó," ó rán ọmọ kan lọ ra mínírà tútù. Mínírà yẹn ń dùn mí títí di òní. Owó mi ló máa fi san án! Mo jókòó, mo ń mu owó ara mi, mo sì ń dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀.

NEPA ti mú iná lọ, ó tan jẹnẹrétọ̀. Ó mú ìwé ìkéde ìsìnkú kan tó wà nílẹ̀, ó fi sórí gíláàsì, ó tẹ̀ ẹ́. Àwòrán náà jáde kedere, o lè ka okùn aṣọ òfì tó wà lọ́rùn olóògbé. Mo ní ẹ jẹ́ ká fi fíìmù dán an wò. Mo mú négátíìfù bàbá mi dání! Ó wà nínú báàgì mi! Ẹ má ṣe sọ pé n kò mú un lọ. Ó ní rárá, pé kò sí férémù rẹ̀ nílẹ̀, férémù wà nínú páálí mìíràn l'Ékòó, pé tí fíìmù bá kan gíláàsì, yóò mú àwọ̀ rírú bí òrùka jáde, gíláàsì sì lè ha á. Ẹ wo bó ṣe gbọ́n tó: òótọ́ ni. Òrùka Newton ni wọ́n ń pè é, fíìmù tó bá lẹ̀ mọ́ gíláàsì máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ lóòótọ́. Ó fi òótọ́ bo ojú mi.

Mo tún bi í nípa ihò kan tó wà lẹ́yìn sikánà, tí nǹkan kan ò wọ inú ẹ̀. Ó ní ti àwọn tó fẹ́ fi fi fáàsì ránṣẹ́ ni. Fáàsì! Ibẹ̀ gan-an ni wáyà ìdérí máa ń wọ̀. Láti inú ìdérí ni wáyà náà ti ń jáde, a ó kì í bọ ihò yẹn, òun ló ń gbé iná fún lámpù tó ń ka fíìmù. Tí kò bá sí i, ìdérí yẹn di pátákó lásán. Ta ló máa ronú pé ẹnì kan lè gé wáyà, kó fi téèpù dúdú dí ibi tó ti jáde, kó sì nù ún títí á fi máa dán? Ẹ̀yin lẹ máa mọ̀? Ẹ lọ jẹ́jẹ́.

Mo sanwó. Mo gbé e lé itan títí dé Ìjẹ̀bú Òde.

Nílé, mo fi Epson Scan sórí kọ̀ǹpútà. Ibi tó yẹ kí n ti yan fíìmù, "Reflective" nìkan ló wà níbẹ̀, ìyẹn ni pé ìwé nìkan ló mọ̀. Mo yọ páànù funfun tó bo inú ìdérí, torí èèyàn gbọ́dọ̀ yọ ọ́ kí iná òkè tó lè dé ara fíìmù. Mo fi négátíìfù sílẹ̀, mo tẹ̀ ẹ́. Dúdú. Mo yí i padà. Dúdú. Mo pè é, ó ní Windows mi ni. Mo pè é lẹ́ẹ̀kan sí i, ó ní férémù ló ń dúró dè, pé sikánà máa "dá férémù mọ̀" tó bá dé, kí n fi ₦45,000 ránṣẹ́ kí ó lè gbé e wá sí gáréèjì fún wébíìlì. Mo fi ránṣẹ́.

Ẹ má bi mí. Ọkọ mi ti bi mí, àbúrò mi tó wà n'Íbàdàn ti bi mí, ó tún fi ẹ̀rín kún un. Ẹni tó ti fi ₦320,000 sílẹ̀ ń wá ọ̀nà tí owó yẹn kò fi ní ṣòfò ni, ohun tó ń ṣe é nìyẹn. Ọkàn mi ti sọ fún mi kí n tó tẹ nọ́ńbà ìkọ̀kọ̀ mi. Mo tẹ̀ ẹ́.

Ó fún mi ní nọ́ńbà dírẹ́bà kan. Nọ́ńbà náà kò wọlé. Mo dúró ní gáréèjì títí ilẹ̀ fi ṣú, àwọn ọmọ gáréèjì ń bi mí bóyá èèyàn ni mo ń dúró dè. Nígbà tí mo délé, ó ti búlọ́ọ̀kì mi. Nígbà tí mo padà lọ sí Ṣágámù, ọmọbìnrin kan ló ń ṣe POS nínú ṣọ́ọ̀bù yẹn, ó ní òun ò mọ ẹni tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Kò mọ̀ ọ́n! Kàlẹ́ńdà tó wà lára ògiri kò yí padà, àga tí mo jókòó sí náà ló jókòó sí!

Ẹni tó ń tún ẹ̀rọ fọtokọ́pì ṣe nítòsí wa ló bá mi tú ìdérí. Ọ̀pá iná tẹ́ẹ́rẹ́ tó yẹ kó wà níbẹ̀ kò sí, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé wọ́n ti tà á lọ́tọ̀. Ó tan tọ́ọ̀ṣì sí gíláàsì ìsàlẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́, ìkùukùu ti bo inú ẹ̀. Wọ́n ní ó wọ́pọ̀ lára àwọn tó ti pẹ́, òun ló ń mú kí àwòrán ṣá. Àní kọ́kọ́rọ́ tó yẹ kí wọ́n fi de abala tó ń rìn nínú ẹ̀ kí ẹ̀rọ tó rin ìrìn àjò, wọn ò tì í. Mo gbé e kọjá gbogbo kòtò ojú ọ̀nà bẹ́ẹ̀.

Wọ́n ní Ìjẹ̀bú mọ owó. Ó dáa. Ẹ bá mi kà á kó pé.

Bí mo ṣe ń sọ ọ́ káàkiri ni òmíràn tún yọjú, ó ní òun ní sikánà Agfa àtijọ́, ti àwọn ilé ìtẹ̀wé, tó lágbára ju Epson lọ. Ó lè lágbára. SCSI ni ẹnu wáyà ẹ̀! Kọ̀ǹpútà wo ló wà nílé yín tó ní SCSI? Ẹ máa wá káàdì rẹ̀, ẹ máa wá kọ̀ǹpútà tó ti darúgbó tó o. Ẹlòmíràn ní Computer Village sọ fún mi pé kí n má ra V700 mọ́, kí n wá V800 tó jáde ní 2014, pé LED ni iná tiẹ̀, kò ní ọ̀pá tó ń kú. Òótọ́ ló sọ. Mi ò rà á lọ́wọ́ òun náà. Gbogbo wọn ń sọ òótọ́ títí owó á fi kúrò lọ́wọ́ yín.

Tẹ́ ẹ bá máa rà á ṣáá: ẹ mú fíìmù yín lọ, kí ẹ sì rí i kó jáde lójú yín kí ẹ tó sanwó. Tí wọ́n bá ní férémù kò sí, ẹ dìde. Ẹ wo wáyà láti ìdérí dé ẹ̀yìn. Ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sí gíláàsì. Ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sẹ́yìn nípa iná, torí àwọn kan wá láti Amẹ́ríkà, 110 ni wọ́n ń gbà, iná wa á sun wọ́n. Tí kọ̀ǹpútà tuntun ò bá gbà á, ètò kọ̀ǹpútà kan tó ń jẹ́ VueScan máa ń bá àwọn ẹ̀rọ àtijọ́ ṣiṣẹ́, ó lówó, ẹ kọ́kọ́ fi ti ọ̀fẹ́ dán an wò. Fídíò kì í ṣe ẹ̀rí. Ẹ tún un kà.

Nítorí fídíò yẹn ti padà wá. Mo rí i lánàá lábẹ́ orúkọ mìíràn, ìyàwó kan náà, gèlè kan náà, wọ́n ní sikánà "ó ku ẹyọ kan." Ẹ̀gbọ́n mi tó jẹ́ lọ́yà ní kí n má kọ orúkọ síbí. Mi ò kọ ọ́. Ẹni tó bá fẹ́ ra nǹkan ní ìhà Ṣágámù, kó fọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí mi ní ìkọ̀kọ̀ kó tó ṣe bẹ́ẹ̀, màá fi fídíò hàn án.

Ara sikánà tèmi ṣì ń ṣiṣẹ́, ìdérí ni kò dáa. Ẹnikẹ́ni tí V700 rẹ̀ ti kú nísàlẹ̀ ṣùgbọ́n tí ìdérí rẹ̀ pé, pẹ̀lú wáyà àti férémù, kó bá mi sọ̀rọ̀. Màá gbé tèmi wá bá yín, màá mú négátíìfù bàbá mi dání, a ó sì jọ kì wáyà bọ ihò yẹn. Owó wà nínú báàgì mi, ibẹ̀ ló sì máa wà títí àwòrán á fi jáde. Ẹ má ra mínírà fún mi.